Nígbà Tí Pápá Ìṣeré Di Kíláàsì Èdè: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì Nínú Ẹ̀kọ́ Eré Ìdárayá ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ń gbà fi èdè kejì lé ọmọ lọ́wọ́. Olùkọ́ a kó àwọn ọmọ jáde sí pápá, a sì máa fi Sípáníìṣì pàṣẹ fún wọn: ẹ sáré, ẹ dúró, ẹ fò, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ ju bọ́ọ̀lù sókè. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí pátákó lójú ògiri, olùkọ́ kì í sì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó gbọ́ a ṣe é. Èyí tí kò gbọ́ a wo ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà a sì ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Tó bá fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ náà ti di tirẹ̀.

Ọ̀nà ìkọ́ni yìí rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rọrùn. Lórí irú pápá yìí kan náà ni wọ́n ti na ọmọ lẹ́gba, tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé Sípáníìṣì bọ́ sí i lẹ́nu nígbà tó ń ṣeré. Bí èdè tí wọ́n fòfin dè ṣe padà wọ pápá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ni ìtàn yìí dá lé.

Èdè tó ti wà níbẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé

Sípáníìṣì kì í ṣe àlejò ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Abẹ́ ìjọba Spéìn, lẹ́yìn náà abẹ́ Mẹ́síkò, ni Texas, California, New Mexico àti Arizona wà tẹ́lẹ̀. Texas ya kúrò lára Mẹ́síkò ní 1836, ó sì wọ Amẹ́ríkà ní 1845. Ogun tó tẹ̀lé e láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò parí sí àdéhùn Guadalupe Hidalgo ní 1848, àdéhùn tó sọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ yòókù di ti Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà kò kúrò níbẹ̀. Ìjọba ló yí padà lé wọn lórí. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ nílé, nínú oko àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ni àwọn ọmọ wọn gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Eré ìdárayá tètè rí àyè nínú ètò ẹ̀kọ́ ní agbègbè yìí. Ní 1866 ni California di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fi òfin sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ní àkókò láti fi ara ṣiṣẹ́. Títí dòní, òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹfà ní, ó kéré tán, 200 ìṣẹ́jú ẹ̀kọ́ eré ìdárayá láàárín ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Àkókò yẹn kò kéré, ó sì jẹ́ àkókò tí ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ ju ìgbà tó bá jókòó nínú kíláàsì lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èdè fi máa ń hàn sójútáyé lórí pápá ju ibi yòówù lọ: nínú kíláàsì, ọmọ lè dákẹ́; lórí pápá, kò lè ṣeré láìpe ẹnìkejì rẹ̀.

Àkókò ìfòfindè

Ní 1918, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi ojú burúkú wo èdè Jámánì àti gbogbo èdè àjèjì, ìjọba Texas ṣe òfin kan tó sọ ọ́ di ọ̀ràn fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti fi èdè mìíràn kọ́ni yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ ni òfin náà dojú kọ, ṣùgbọ́n orí ọmọ ló já lé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò, òfin tí kò sì sí nínú ìwé kankan gbilẹ̀ níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Sípáníìṣì láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ìbáà jẹ́ àkókò ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ìlú Cotulla fi bí ọ̀ràn náà ṣe díjú hàn. Ní oṣù kẹsàn-án 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ Lyndon Johnson gba iṣẹ́ olùkọ́ àti ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ Welhausen, níbi tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó jẹ́ tálákà ti ń kàwé ní ìlú náà. Kò bá ohun eré kankan níbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi ra nǹkan eré fún àwọn ọmọ, ó sì dá eré ìdíje sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó ṣe oore yìí náà ni àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ó máa ń na ọmọ tó bá gbọ́ Sípáníìṣì lẹ́nu rẹ̀ lórí pápá. Ó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè gbé wọn jáde kúrò nínú ìṣẹ́. Bọ́ọ̀lù tó fi owó ara rẹ̀ rà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Èdè tí wọ́n fi lè pe ara wọn sí bọ́ọ̀lù náà ló gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní ìlú Marfa, ní apá ìwọ̀-oòrùn Texas, wọ́n tilẹ̀ sin èdè náà. Ilé-ẹ̀kọ́ Blackwell ni àwọn ọmọ Mẹ́síkò ibẹ̀ lọ láti 1909 títí di 1965. Ní ọjọ́ kan ní 1954, wọ́n pín bébà pélébé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì sí. Wọ́n kó àwọn bébà náà sínú àpótí, wọ́n gbẹ́ kòtò sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ṣe ìsìnkú fún ẹni tí wọ́n pè ní Ọ̀gbẹ́ni Sípáníìṣì. Àwọn ọmọ tó dúró yí kòtò yẹn ká padà sílé lọ́jọ́ náà, èdè tí wọ́n sin ni ìyá wọn sì fi bi wọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ ti rí.

Kì í ṣe ìlú kan tàbí méjì ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1972, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ aráàlú gbé ìwádìí jáde lórí ìpínlẹ̀ márùn-ún: Texas, California, Arizona, New Mexico àti Colorado. Àkọlé rẹ̀ ni *The Excluded Student*. Ìwádìí náà rí i pé òfin má-sọ-Sípáníìṣì ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ní kíláàsì àti lórí pápá, ó sì to oríṣi ìyà tó ń bá a rìn: owó ìtanràn, dídá ọmọ dúró lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé, àti kíkọ gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ kan náà ní àkọtúnkọ. Òǹkàwé Yorùbá tó bá rántí ọmọ tí wọ́n ní kó san owó nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyà yìí fún un.

Ọ̀nà ìkọ́ni tó ti ara bẹ̀rẹ̀

Kí ìfòfindè yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni èrò mìíràn ti ń dàgbà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ èdè ní ibòmíràn: pé ohun tí ara bá ṣe, orí kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ọmọ Faransé kan, François Gouin, ló sọ ọ́ di ìwé ní 1880. Gouin ti lọ sí Hamburg láti kọ́ èdè Jámánì. Ó há gírámà sórí, ó há ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè sórí, síbẹ̀ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lójú pópó. Nígbà tó padà délé, ó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kékeré, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n mú lọ wo ilé-iṣẹ́ ìlọkà. Ọmọ náà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ṣe gbogbo ohun tó rí: bí wọ́n ti ń gbé àpò, bí omi ti ń yí ọlọ, bí ìyẹ̀fun ti ń jáde, ó sì ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń ṣe é. Níbẹ̀ ni Gouin ti rí i pé ìṣe tó tẹ̀lé ara wọn ni èdè ń bá rìn, pé àtòjọ ọ̀rọ̀ lásán kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní èdè. Ní 1925, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Harold Palmer, àti ọmọbìnrin rẹ̀ Dorothée tẹ ìwé kan jáde ní Tokyo lórí bí a ṣe lè fi àṣẹ àti ìṣe kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ èdè àjèjì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ohun tí ìjọba ń sọ nígbà tó di 1952, nígbà tí Earl McGrath, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, gbè é lẹ́yìn ní gbangba. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá 1957, ìjọba Soviet gbé Sputnik lọ sójú ọ̀run. Ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà pé wọ́n ti fi òun sẹ́yìn, ó sì ṣe òfin ètò ẹ̀kọ́ fún ààbò orílẹ̀-èdè ní 1958. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè àjèjì ni òfin náà nawó lé lórí. Bí èdè ṣe di ohun ààbò ìlú nìyẹn, tí owó sì wà láti fi wá ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ ọ. Ohun tó ṣe ni ní kàyéfì ni pé ìjọba tó ń wá ẹni tí yóò kọ́ èdè àjèjì ń jẹ́ kí olùkọ́ máa fi ẹgba lé èdè tí àwọn ọmọ kan ti gbé wá láti ilé.

Coral Way, 1963

Ìyípadà ńlá wá láti Kúbà. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba ní 1959, àwọn ará Kúbà tó lé ní 200,000 ló wọ Amẹ́ríkà títí di òpin 1962, Miami ní Florida sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn gúnlẹ̀ sí. Ó lé ní 14,000 ọmọ tó dé láìsí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú ètò tí wọ́n wá mọ̀ sí Pedro Pan. Àwọn òbí gbà pé àlejò ìgbà díẹ̀ ni àwọn, pé àwọn yóò padà sílé láìpẹ́, nítorí náà wọn kò fẹ́ kí Sípáníìṣì kú lẹ́nu ọmọ. Láàárín wọn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó kàwé gboyè wà, tí wọ́n ń wá iṣẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 1963, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Coral Way ní Miami bẹ̀rẹ̀ ètò elédè méjì pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation. Ìdajì àwọn ọmọ náà ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ìdajì ló ń sọ Sípáníìṣì. Ní òwúrọ̀, èdè ilé ni wọ́n fi ń kọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan; ní ọ̀sán, èdè kejì ni wọ́n fi ń tún ohun tí wọ́n kọ́ ní òwúrọ̀ kọ́. Láàárín méjèèjì ni àkókò kan wà tí ògiri ń wó: oúnjẹ ọ̀sán, orin, àwòrán yíyà àti eré ìdárayá. Wọ́n á da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, èdè tó bá wu ọmọ ni yóò sì sọ.

Ohun tí àwọn tó ṣètò náà mọ̀ ni pé ìṣirò lè ṣòro fún ọmọ ní èdè tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó nílò gírámà láti mọ̀ pé kí òun gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n ju sí òun. Ọmọ Kúbà tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan ní Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ẹni tó ń sáré jù lórí pápá, kí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ ẹ sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù sí òun ní láti mọ bí wọ́n ti ń pè é ní Sípáníìṣì. Bí ètò náà ti ń gòkè ní kíláàsì kan lọ́dọọdún, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ láti ìpínlẹ̀ mìíràn ń wá wò ó. Coral Way ṣì wà títí dòní, ó sì ṣì ń fi èdè méjèèjì kọ́ni.

Owó Ford Foundation tó ran Coral Way lọ́wọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá náà láìpẹ́. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àjọ kan náà ló nawó lé ìgbìyànjú méjèèjì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń dáhùn: ṣé èdè ilé lè gbé ìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́?

James Asher àti àṣẹ tí ara ń jẹ́

Ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ pápá wá ń lò wá láti ọwọ́ James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní San José, California. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni àwọn ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ohun tó kíyè sí kò ju ohun tí ìyá ń ṣe pẹ̀lú ọmọ lọ. Ìyá a ní, wá, mú un, gbé e sílẹ̀, má fọwọ́ kan iná. Ọmọ a ṣe é fún oṣù púpọ̀ kó tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan. Gbígbọ́ ṣáájú sísọ, ìṣe sì ni ẹ̀rí pé ó gbọ́.

Asher sọ ọ́ di ètò. Olùkọ́ a pàṣẹ, a sì fi ara rẹ̀ ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ a bá a ṣe é. Lẹ́yìn náà olùkọ́ a dẹ́kun ṣíṣe, a kàn máa sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò ṣe é. Tí ó bá ti mọ́ wọn lára, olùkọ́ a pa àṣẹ pọ̀ ní ọ̀nà tí wọn kò gbọ́ rí: ẹni tó mọ "rìn", "ilẹ̀kùn" àti "yára" yóò yára rìn lọ sí ilẹ̀kùn nígbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí yóò fi dandan mú kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá pọ́n lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Èdè Japan àti Rọ́ṣíà ni Asher fi ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Ó rí i pé àwọn tó fi ara ṣe àṣẹ náà rántí rẹ̀ ju àwọn tó jókòó wò wọ́n lọ. Ní 1974, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìdánwò tí wọ́n fi Sípáníìṣì ṣe jáde. Ìwé tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ jáde ní 1977.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, gbogbo ènìyàn ló sì gbà bẹ́ẹ̀ nípa èdè. Ìwádìí Asher fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní apá méjì. Ní 1967, òun àti Ben Price fi àṣẹ ní èdè Rọ́ṣíà dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá wò, pẹ̀lú àwọn àgbà tó wà ní yunifásítì. Àwọn àgbà ló gbọ́ ọ jù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì gbọ́ ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n ní 1969, Asher àti Ramiro García gbọ́ bí àwọn ọmọ Kúbà 71 tó ti ṣí wá sí California ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó dé kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méje ni ohùn wọn sún mọ́ ti onílé jù. Àgbà lè tètè gbọ́ èdè. Ọmọdé ni èdè máa ń jókòó sí lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní lọ́wọ́ lórí pápá, olùkọ́ àgbà àti ọmọ kékeré.

Òfin yí padà

Olùkọ́ Cotulla ti di ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní 1967, Sẹ́nétọ̀ Ralph Yarborough láti Texas gbé àbádòfin ètò ẹ̀kọ́ elédè méjì wá, Lyndon Johnson sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1968. Ọwọ́ tó na ọmọ nítorí Sípáníìṣì ní 1928 ló buwọ́ lu òfin tí ìjọba àpapọ̀ fi kọ́kọ́ nawó lé èdè ilé àwọn ọmọ náà. Ní 1969, ìjọba yọ 7.5 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún ètò 76. Ọdún yẹn náà ni Texas fàyè gba ẹ̀kọ́ elédè méjì, ó sì sọ ọ́ di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní 1973.

Ní 1971, ìlú Culver City ní California gbé ọ̀nà mìíràn wá. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní St. Lambert, lẹ́bàá Montreal ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé nìkan kọ́ àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì láti 1965. Culver City fi Sípáníìṣì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ọ rárá: èdè náà nìkan ni olùkọ́ ń sọ láti àárọ̀. Ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, eré ìdárayá ti kúrò ní àfikún. Ó wà lára ibi tí ọmọ ti kọ́kọ́ ń gbọ́ èdè náà láìbẹ̀rù.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn

Ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì kejì máa ń tẹ̀lé ìlànà yìí. Àwọn ọmọ a tò sí *fila*, ìyẹn ìlà. Tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ kọ́wọ́ ṣe *círculo*, ìyẹn òbírípo. Wọ́n á na ara, wọ́n á máa kà á: *uno, dos, tres*, títí dé *diez*. Olùkọ́ a ní kí wọ́n fọwọ́ kan *cabeza*, orí, *hombros*, èjìká, *rodillas*, orúnkún, *pies*, ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ a máa yára sí i, títí ẹnì kan yóò fi di èjìká mú nígbà tí wọ́n ní orúnkún, tí gbogbo wọn yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìrìn: *rápido*, kíá; *despacio*, díẹ̀díẹ̀; *izquierda*, òsì; *derecha*, ọ̀tún. Tí olùkọ́ bá kígbe *¡alto!*, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń mi ti jáde nínú eré nìyẹn.

Àṣẹ ní Sípáníìṣì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ti pọ̀ tó. Ọmọ kan ni wọ́n ń wí fún pé *corre*, sáré; àwọn tó pọ̀ ni wọ́n ń wí fún pé *corran*, ẹ sáré. Ní Spéìn, *corred* ni ti àwọn ọ̀rẹ́ tàbí ọmọdé tó pọ̀. Ní Mẹ́síkò, Kúbà àti gbogbo Amẹ́ríkà elédè Sípáníìṣì, *corran* ni. Gbólóhùn àṣẹ kúrú, kò sì nílò olùwà níwájú, ìdí nìyí tó fi rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ọmọ tó ti gbọ́ àṣẹ fún odidi ọdún lè má mọ bí yóò ti sọ pé òun sáré lánàá. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ fi máa ń pe àwọn ọmọ jókòó ní òpin ẹ̀kọ́, tí yóò bi wọ́n léèrè ta ló borí, kí ló ṣe, báwo ló ti ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni orúkọ eré, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Okùn fífò ni *saltar la comba* ní Spéìn. Ní Kúbà ó jẹ́ *saltar la suiza*. Ní Puerto Rico, *brincar la cuica*. Ní Mẹ́síkò, wọ́n a máa sọ *brincar la reata*. Ẹni tó bá sọ *saltar la cuerda* ni gbogbo wọn yóò gbọ́. Eré tí ọmọ Yorùbá mọ̀ sí súwè, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan tọ nínú àpótí tí wọ́n fà sórí ilẹ̀, ni *rayuela* ní Spéìn àti Argentina, *avión* ní Mẹ́síkò, *peregrina* ní Puerto Rico. Èyí tí wọ́n fi aṣọ di ojú ẹnì kan, tó ń fọwọ́ wá àwọn yòókù, ni *la gallinita ciega*, adìyẹ kékeré tí kò ríran. *Balón* ni bọ́ọ̀lù ńlá tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbá tàbí tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n. *Pelota* kéré, ẹni tó bá sì sọ *pelota* ní Kúbà lè máa sọ nípa eré béésìbọ́ọ̀lù lódindi. Bí Yorùbá ti sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì *goal* di gọ́ọ̀lù ni Sípáníìṣì ṣe sọ ọ́ di *gol*, tó sì mú *jonrón* jáde láti inú *home run* ti béésìbọ́ọ̀lù.

Nínú kíláàsì tí ọmọ Kúbà, ọmọ Mẹ́síkò àti ọmọ Puerto Rico ti jọ wà, olùkọ́ kò ní láti pa ọ̀kankan nínú orúkọ wọ̀nyí. Ọmọ tó ní *suiza* ni wọ́n ń pè é nílé ti kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, òun náà sì ti gba ọ̀rọ̀ méjì.

Ìfàsẹ́yìn àti ìpadàbọ̀

Ọ̀nà náà kò lọ ní tààrà. Ní oṣù kẹfà 1998, àwọn olùdìbò California fi ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gba òfin 227, tó sọ pé kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àyàfi tí òbí bá buwọ́ lu ìwé àkànṣe. Ọ̀pọ̀ kíláàsì elédè méjì ni wọ́n tì pa. Arizona ṣe irú rẹ̀ ní 2000. Lẹ́yìn ọdún 18, ní oṣù kọkànlá 2016, California tún dìbò, wọ́n sì fi òfin 58 gbé ìdènà náà kúrò. Utah, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbilẹ̀ jù, ti fi òfin dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2008 láti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè méjì láti kíláàsì kìíní, Sípáníìṣì sì wà lára àwọn èdè náà.

Ìwádìí tuntun náà gbè é lẹ́yìn. Ní 2015, Myrto Mavilidi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Australia jáde. Wọ́n kọ́ ọmọ 111 tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 14 ní èdè Ítálì. Àwọn tó fi gbogbo ara ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ rántí rẹ̀ jù; àwọn tó jókòó kọ́ ọ kò tó wọn. Àwọn tó sáré, ṣùgbọ́n tí eré wọn kò bá ọ̀rọ̀ tan, kò bá wọn dọ́gba. Sísáré nìkan kò tó. Ìṣe gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu.

Ìṣòro tó kù lónìí jẹ́ ti ètò iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ elédè méjì, olùkọ́ eré ìdárayá kan ló ń kọ́ gbogbo kíláàsì, àwọn elédè méjì àti àwọn tí kò sí nínú ètò náà. Tí kò bá gbọ́ Sípáníìṣì, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ́ gbogbo wọn. Nítorí náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn eré, tí olùkọ́ kíláàsì sì ń fún olùkọ́ pápá ní ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ́sẹ̀: ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara, ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ fún àwọn àmì tí wọ́n tò sílẹ̀. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀ a kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ọmọ tó gbọ́ ọ láti ilé a sì tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ní Marfa, àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Blackwell kóra jọ ní 2007. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì gbé àpótí kan jáde tí ìwé atúmọ̀-èdè Sípáníìṣì wà nínú rẹ̀, láti fi hàn pé ìsìnkú 1954 ti yí padà. Ní oṣù kẹwàá 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Ilé náà àti ọgbà tí wọ́n ti sin èdè sí ti di ohun tí ìjọba ń tọ́jú, ẹnikẹ́ni tó bá sì wọ ibẹ̀ lè sọ Sípáníìṣì.